Páálí Tí Wọ́n Fi Bo Gọ́tà ní Adébáyọ̀

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni Àlàájà Sìmíátù aránṣọ kú, kì í sì í ṣe àìsàn ló pa á. Inú gọ́tà ló já sí níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, níbi tó ti ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, bí wọ́n ṣe ní kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn máa ṣe. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Òun ló rán aṣọ iléèwé wa. Ó máa ń ká etí aṣọ sínú dáadáa, kó lè ṣeé tú sílẹ̀ bí a bá ga sí i. Lọ́dún kejì, á tú u, á lọ̀ ọ́, kò ní gba kọ́bọ̀. Á ní, "Ọmọ kì í dúró de aṣọ."

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní Sátidé ìmọ́tótó oṣù tó kọjá, wọ́n ṣí sílábù, ìyẹn kọnkéré tó bo gọ́tà iwájú ilé yẹn, wọ́n kó ẹrẹ̀ jáde. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Adó, ẹ mọ ìṣe wa: a ó ṣí, a ó kó, a ó fọwọ́, ó parí. Ta ló ń dá sílábù padà? Sílábù náà fẹ̀yìn ti ògiri níbẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ihò. Nígbà tí òórùn gọ́tà ń lé oníbàárà àwọn ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé náà, ẹnìkan wá fi páálí fìríìjì bo ihò náà, ó fi òkúta tẹ etí rẹ̀. Òjò rọ̀ sí páálí. Àlàájà gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ẹni tó mọ ibi tí yóò fi páálí bò, ṣé kò mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ ni?

Lánlọ́ọ̀dù ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà lọ kí Ameerah, ọmọ olóògbé. Ó ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Ọmọ béèrè ọ̀rọ̀ sílábù. Bàbá dáhùn pé, "Ulé ni mo kọ́, mi ọ̀ kọ́ gọ́tà. Ti ìjọba ni." Háà. Bàbá yìí kan náà ló lé ìyá onígúgúrú kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, pé iwájú ilé òun ni. Bí a bá fẹ́ pàtẹ, tirẹ̀ ni; bí a bá kú síbẹ̀, ó di ti ìjọba. Ọlọ́run tí ẹ ń dárúkọ, ṣé òun ló gbé páálí síbẹ̀?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ameerah lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Akọ̀wé tí kò gbójú kúrò lára fóònù ní, "Àǹtí, ẹni tó nilé ló ni iwájú ilé." Ameerah sunkún bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: nígbà tó kọjá ní Adébáyọ̀, páálí tuntun ló wà lórí ihò, àwọn ọmọ iléèwé sì ń fò ó. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun nígbà tó sọ fún mi.

Ìjọba ìbílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo wa kà á: ta ló ni iwájú ilé? Lánlọ́ọ̀dù, ta ló gbé páálí síbẹ̀? Ameerah kò béèrè owó gbà-má-bínú. Ó fẹ́ kí ẹnìkan dìde lójú gbogbo èèyàn, kó ní, "Èmi ni mo ṣí i, mi ò dá a padà." Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé sílábù padà sáyè rẹ̀. Ó wúwo lóòótọ́, èèyàn méjì ló ń gbé e. Lánlọ́ọ̀dù àti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ ti pé méjì.