Ọwọ́ Tó Ń Tẹ Apá Wa

Bí Ìyá Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà wa n'Írólù bá ń kí obìnrin, kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Apá òkè ló máa ń dì mú, á wá tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ píà wò bóyá ó ti rọ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń kì sábẹ́ awọ apá, kí obìnrin má baà lóyún, ló ń wá.

Gbogbo àwọn tó tẹ lápá ni mo rántí lórúkọ: Róòsì, Ìyá Káróò, Fẹ̀lísíà ọmọ mi. Orúkọ Ìyá Ẹgbẹ́ nìkan ni n kò ní kọ.

Ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Fẹ̀lísíà nígbà tó bí ìkẹrin. Dókítà ní Ṣàgámù ní kó má bímọ mọ́. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Ẹgbẹ́ tẹ apá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Fẹ̀lí, ẹ̀ṣẹ̀ lo dì mápá wá bá Jésù? Lọ yọ ọ́, kó o tó gba Kọmúníọ̀n. Ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ ni kó o máa kà."

"Ìyá, ọkọ mi kì í ka ọjọ́. Dókítà ní màá kú."

"Ikú sàn ju ọ̀run àpáàdì lọ."

Èmi náà dúró níbẹ̀. Mo ní, "Ṣe ohun tí wọ́n wí."

Ó yọ ọ́. Orí ìkúnlẹ̀ ọmọ karùn-ún ló kú sí.

Lẹ́bàá sàréè, Ìyá Ẹgbẹ́ wá bá mi. "Ẹ má sunkún, màmá. Kò gbé ẹ̀ṣẹ̀ lọ."

Ó di apá òkè mi mú. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é: àtàǹpàkò rẹ̀ ń wá a kiri lára èmi arúgbó.