Ẹsẹ̀ Lásán Lórí Ilẹ̀ Sevilla

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti sọ fún ọmọ mi pé bí mo bá dé Sípéènì, ohun kan ṣoṣo ló jẹ mí lógún: mo fẹ́ wọ aṣọ àdúrà mi jáde nílé rẹ̀, kí n fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ìjọ wa tó wà níbẹ̀, kí n dúpẹ́. Ó ní kò sí wàhálà. Àfi ìgbà tó ku ọ̀la tí mo máa ṣe é ni wàhálà yọjú.

Aláṣọ funfun ni wá. Ẹni tó bá ti wọ sùtánà nínú ìjọ wa kì í wọ bàtà, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Ní Ojowo, àdúgbò tí mo ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gun ọ̀kadà lọ sí ìsìn, kò sì sẹ́ni tó ń wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́kadà tó mọ̀ mí á ti fi àkísà nu ibi tí mo máa gbé ẹsẹ̀ lé kí n tó débẹ̀.

Ìdí tí mo fi takú ni pé ẹ̀jẹ́ ni. Lọ́dún tí ọmọ mi gba ojú òkun lọ sílẹ̀ òyìnbó, Òde-Omi ni wọ́n gbé mi lọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Oṣù ń gorí oṣù, ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀. Àwọn apẹja á ti ọkọ̀ wọn sómi láàárọ̀, èmi á dúró sétí ọ̀sà, màá máa wo omi bí ẹni pé omi náà ló mọ ibi tí ó wà. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, mo wà nínú sùtánà, iyanrìn gbígbóná wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo ní, "Olúwa, bí O bá gbé ọmọ yìí gúnlẹ̀ láàyè, ìlú yòówù kó jẹ́, màá ti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ rìn nínú aṣọ yìí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí, wá sílé Rẹ láti dúpẹ́." Kò pẹ́ sígbà náà tí fóònù mi dún: ọmọ mi ni, ó ti gúnlẹ̀ sí Sípéènì. Mi ò sọ fún un rí pé mo jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ kó bá mi lọ nítorí pé ó wù ú, kì í ṣe nítorí pé mo fi ọ̀rọ̀ dè é lọ́wọ́.

Nígbà tí mo dé, ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì mú mi rìnrìn àjò. A dé Madrid, a dé Córdoba, a wá fi Sevilla tó ń gbé kádìí rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ti ń kì mí nílọ̀ pé òtútù pọ̀ nílẹ̀ òyìnbó. Ẹ̀wù òtútù tí wọ́n ní kí n rà, ìsàlẹ̀ àpótí ló wà títí mo fi padà sílé. Ooru tí mo bá ní Córdoba, bí ẹ bá gbé ẹ̀wà ka orí òkúta wọn, yóò jiná. Bó bá di ọ̀sán, wọn á ti fèrèsé pa, àdúgbò á dá páropáro bí ìgbà tí orò bá wà níta. Ní Sevilla, aṣọ ńláńlá funfun ni wọ́n ta láti òrùlé kan sí èkejì kí àwọn tó ń kọjá lè rí ibòji. Mo béèrè pé ta ló ń ṣe ìnáwó. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìgboro ni. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ gbé mi, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí, mo ń wo bí àwọn arúgbó ṣe ń kí i bí wọ́n bá ń wọlé, àti bó ṣe ń dúró dè wọ́n títí wọn á fi fìdí kalẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní, bàtà rẹ̀ ń dán. Orí mi wú. Ó ń ṣe mí bíi kí n dìde kí n kéde pé èmi ni mo bí i, àmọ́ mi ò gbọ́ èdè wọn.

Ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo ló kù kí n padà, torí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ òfurufú mi. Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, mo ń lọ sùtánà mi lọ́wọ́ ni ọmọ mi wá dúró tì mí.

"Màámi," ó ní, "ẹ jẹ́ ká fi aṣọ yẹn sínú báàgì. Bí a bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó wọ̀ ọ́ níbẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ilẹ̀ á gbóná. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣe ìsìn." Òótọ́ ni. Gbọ̀ngàn tí ìjọ náà háyà, àwọn mìíràn ló ń lò ó láàárọ̀. Ìgbà tí òòrùn bá mú jù ni ó ń kan àwọn tiwa.

"Iyanrìn Òde-Omi náà gbóná," ni mo wí.

Ó wá sọ èyí tó wà nínú rẹ̀. "Màámi, gbogbo àdúgbò yìí ló ń wọ bọ́ọ̀sì mi. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi. Bí wọ́n bá rí mi pẹ̀lú..." Kò parí rẹ̀.

"Pẹ̀lú ta ni? Wí i! Wo éè lè wí i?" Ìjẹ̀bú ni mo fi bi í bóyá kò lè wí i ni, nítorí bí inú bá ń bí mi, Yorùbá ilé-ìwé kì í dúró lẹ́nu mi. "Ó dáa. Èmi nìkan á lọ. O ti fi ọ̀nà hàn mí."

Oúnjẹ ọjọ́ náà kò dùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí mo bá ki aṣọ náà bọ báàgì, mo ti ba ẹ̀jẹ́ jẹ́; bójú bá sì yẹjú, ohùn kì í yẹhùn. Bí mo bá dá lọ, mo san ẹ̀jẹ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ wo ni mo fẹ́ dú bí ọmọ tí Ọlọ́run gbé gúnlẹ̀ bá ń tijú ìyá rẹ̀? Ìyẹn ló ń dùn mí.

Nígbà tí àkókò tó lọ́jọ́ kejì, mo wọ sùtánà, mo dé fìlà, mo gbé agbọ̀n èso àti àbẹ́là mi. Ọmọ mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà nínú ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò, bàtà rẹ̀ ń dán bíi ti ìgbàkígbà. Ó ní òun á sìn mí. Ó sìn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí mi bí ẹni tá a kàn jọ gba ọ̀nà kan náà.

Mo gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀. Háà! Iyanrìn Òde-Omi, mo tọrọ àforíjì, o kò gbóná rárá. Ilẹ̀ náà jó mi débi pé àdúrà tí mi ò gbèrò bọ́ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Mo na ọrùn, mo ń rìn bí ẹni tó ń tẹ kápẹ́ẹ̀tì.

Ìyá arúgbó kan ń gbé nísàlẹ̀ ilé náà. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ la jọ máa ń jókòó síta pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, èmi á máa sọ Yorùbá, òun á máa sọ tirẹ̀, ọ̀rẹ́ wa sì wọ̀. Òun gan-an ni ọmọ mi ń sá fún jù, nítorí ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àdúgbò ti ń jáde. Bó ṣe rí wa ló dìde lórí àga. Ó wo aṣọ mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó sì yára wọlé. Ọmọ mi dúró gbagidi. Mo ní ó ti lọ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wòran nìyẹn.

Korobá omi ló gbé jáde. Ó dà á sílẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n dúró síbẹ̀, ó sì bá ọmọ mi sọ̀rọ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ṣé ẹ̀jẹ́ lẹ jẹ́."

Ẹnu yà mí. Ọmọ mi ní ìyá náà sọ pé bí ọdún Àjíǹde bá ń bọ̀, àwọn ará ìlú àwọn máa ń tẹ̀lé ère ṣọ́ọ̀ṣì wọn káàkiri ìgboro, ẹni tó bá sì jẹ́jẹ̀ẹ́ á fi ẹsẹ̀ lásán rìn. Ìyá tòun náà rìn bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún títí tó fi kú.

"Sọ fún un pé ẹ̀jẹ́ ni," ni mo wí.

Ó sọ ọ́. Ìyá náà tún béèrè nǹkan. Ọmọ mi yíjú sí mi. "Ó ní nítorí ta ni."

"Nítorí rẹ. Nígbà tí o wà lójú omi, tá ò gbúròó rẹ. Sọ fún un bẹ́ẹ̀."

Ó wo ojú mi, ó wo ẹsẹ̀ mi nínú omi. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìyá náà, ó sọ ọ́ lédè wọn, díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka kan àyà ara rẹ̀. Ìyá náà gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ fún ìyá arúgbó. Bó ṣe kúrò nínú omi tó tẹ ilẹ̀ gbígbẹ, ó fò sókè, ó ké. Mo rẹ́rìn-ín títí agbọ̀n fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Bọ́ọ̀sì kan ń kọjá, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló ń wà á, ó fọn fèrè, gbogbo èrò yíjú síta. Ọmọ mi gbé ọwọ́ sókè, ó kí gbogbo wọn.

Ó gba agbọ̀n lọ́wọ́ mi, ó gbé e rù.

"Màámi," ó ní, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé, "jẹ́ á rè."