Ọjọ́ Tí Mo Di Ọwọ́ Ọ̀gá Mi Mú

Bí o bá gba ojú ọ̀nà Sango wọlé láàárọ̀ nígbà yẹn, imú rẹ ni yóò kọ́kọ́ sọ ibi tó o dé fún ọ. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì máa ń tú òórùn ṣúgà àti bọ́tà sójú títì, á máa dùn mọ́ ọ lọ́fun bí ẹni ń jẹun. Ṣùgbọ́n bó o bá rìn díẹ̀ síwájú, èéfín àwọn tó ń yọ́ irin á bò ó mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ á sì máa korò títí wàá fi dé gééètì wa. Inú yàrá sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo àwọn yòókù ń lò, nìkan ni àwọn òórùn méjèèjì kì í dé. Òtútù ló wà níbẹ̀, òtútù gbígbẹ tó ń rùn bíi rọ́bà tuntun àti wáyà tó gbóná díẹ̀, pẹ̀lú ariwo fáànù tí kì í dákẹ́. Títí di òní, bí mo bá wọ báǹkì kan tí òórùn yẹn sì kàn mí nímú, àyà mi á kọ́kọ́ já ná, kí n tó rántí pé kò sí ohun tó ń lé mi.

O rántí bí Ọ̀tà ṣe rí lásìkò yẹn. Ilẹ̀ tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ lónìí, bó o bá padà wá lẹ́yìn ọdún kan, o lè bá ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tàbí ilé akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ìjọ ló dá yunifásítì tí mo ń bá ṣiṣẹ́ sílẹ̀, kò sì tíì pẹ́ rárá. Ọ̀dà ara ògiri ṣì ń ràn mọ́ni láṣọ. Ìsẹ́yìn ni mo ti wá. Ìyá mi ti ròyìn fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, kò sì mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń mú mi dúró pẹ́ lẹ́nu gééètì kí n tó wọlé láràárọ̀. Ẹni tó jókòó sórí àga mi kí n tó dé, wọ́n ní àṣìṣe kan ló ṣe lórí orúkọ àwọn tó fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí, ọjọ́ náà gan-an ló sì kó ẹrù rẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó sọ irú àṣìṣe tó jẹ́ fún mi. Ìyẹn ló burú jù, torí mi ò mọ èyí tí ǹ bá máa ṣọ́ra fún.

Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni ọ̀gá tí mo wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ọmọ ìlú tó wà láàárín àwa àlejò. Díkìn ni nínú ìjọ, àgbà ọkùnrin gíga tí ohùn rẹ̀ kì í le. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ to sẹ́fà àkọ́kọ́ tí yunifásítì ní. Orí ló fi mọ àwọn àṣẹ tí à ń tẹ̀ fún ẹ̀rọ, bí ẹlòmíràn ṣe mọ Sáàmù. Kì í pe orúkọ mi. "Ọmọ Ìsẹ́yìn" ló máa ń pè mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí mo ń rí lára rẹ̀ tí mi ò kà sí. Lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì rẹ̀ tóbi bí èyí tí wọ́n máa ń kọ sára ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fi mọ́tò gbé e wá sí gééètì, bẹ́ẹ̀ ó mọ mọ́tò wà dáadáa. Bó bá sì ń bọ̀ lọ́nà àárín ilé, á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ògiri bọ̀. Mo ní àgbà ló dé. Bàbá tèmi náà kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́.

Ohun tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni pé díìsìkì inú sẹ́fà fẹ́ẹ̀ kún. Orí rẹ̀ ni máàkì gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wà, láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀, ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ sì ti pẹ́, kò ní èsì àwọn tó fẹ́ jáde lọ́dún náà nínú. Wọ́n wá ra àpótí ìpamọ́ tuntun kan, àpótí irin dúdú tó kún fún díìsìkì. Yàrá kejì la gbé e sí, kí sẹ́fà máa fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀. Kí ìyẹn tó lè ṣeé ṣe, a ní láti ki káàdì tuntun kan, pátákó pẹlẹbẹ tí wáyà náà máa wọ̀, bọ inú sẹ́fà, ká sì tẹ àwọn àṣẹ tó máa sọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ fún káàdì náà, tó sì máa fi ọ̀nà àpótí hàn án. Ọ̀gá mú àárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ fún ìsinmi. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ìgbìmọ̀ yunifásítì máa jókòó lórí èsì àwọn tó ń jáde.

Dáírẹ́kítọ̀ tó ń darí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wa yọjú sí wa lẹ́nu ọ̀nà kó tó lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohunkóhun ò gbọdọ̀ ṣe èsì yẹn."

"Ohunkóhun ò ní ṣe é, sà," ni ọ̀gá dáhùn.

Mo ṣe àmín.

A dá gbogbo iṣẹ́ tó ń lo díìsìkì àtijọ́ dúró, a sì pa sẹ́fà. Ọ̀gá kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ náà, ó fi ìka wá ihò káàdì kàn, ó sì tẹ káàdì wọlé títí tó fi dún kà. Kò wò ó rárá. Mo rò ó nínú ara mi pé ìrírí nìyẹn. Nígbà tí a tan án, ó fa àga sídìí kíbọ́ọ̀dù. Ojú kọ̀ǹpútà inú yàrá yẹn kéré, a máa ń fà á jáde bíi dúrọ́ọ̀ ni, lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-rín, funfun lórí dúdú, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè sọ ọ́ di ńlá.

"Dúró tì mí, Ọmọ Ìsẹ́yìn. Máa ka ohun tó bá wí fún mi. Ojú ń rẹ̀ mí díẹ̀."

Ó tẹ àdírẹ́sì fún káàdì. Mo ní ó ti gbà á. Ó tẹ àṣẹ tó ń wá àpótí kiri lórí wáyà. A dúró. Fáànù ń kígbe, jẹnẹrétọ̀ ń gbọ̀n níta.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ò rí nǹkan kan, sà."

Mo rí òógùn níwájú orí rẹ̀, nínú òtútù yẹn. Mo sáré lọ sí yàrá kejì, mo bá wáyà kan tí ẹnu rẹ̀ kò wọlé dáadáa, mo tì í, iná aláwọ̀ ewé sì tàn. Nígbà tí mo padà dé, ó tún àṣẹ náà tẹ̀, àpótí sì dáhùn. Ó tẹ òmíràn kí àwọn méjèèjì lè so pọ̀, ó ní kí n ka àwọn díìsìkì tí sẹ́fà ń rí báyìí. Sẹ́fà máa ń fi lẹ́tà pe díìsìkì kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí wọn tẹ̀ léra; a ni èyí tó fi ń dìde. Mo ka ìyókù fún un: lẹ́tà b ni ti àtijọ́, èyí tó kéré, lẹ́tà c ni àpótí tuntun, èyí tó tóbi.

"Ọlọ́run ṣeun," ló wí. "Jẹ́ ká pa á, ká tún un tàn, ká mọ̀ bóyá á rántí fúnra rẹ̀. Lọ wo iná ọ̀hún fún mi bó ṣe ń dìde."

Mo lọ. Iná ń tàn geere. Ọkàn mi fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn, mo tilẹ̀ ń kọrin lábẹ́lẹ̀ bí mo ṣe ń padà bọ̀. Ọ̀gá ò dúró dè mí. Ó ti pe àtòkọ díìsìkì jáde sókè ojú kọ̀ǹpútà, bó ṣe máa ń ṣe, ó sì ti tẹ àṣẹ mìíràn sísàlẹ̀ rẹ̀: mkfs, àṣẹ tó ń nu díìsìkì mọ́ kanlẹ̀ kí tuntun tó ṣeé kó nǹkan sí, tó ń sọ ọ́ di ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ́lé sí rí. Lẹ́tà c ló kọ tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ti béèrè ìbéèrè tó máa ń béèrè: ṣé kí n tẹ̀ síwájú? Gbogbo ìgbà ló máa ń béèrè rẹ̀, ì báà jẹ́ lórí díìsìkì tuntun, ì báà jẹ́ lórí ti àtijọ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kì í kà á mọ́. Ọ̀gá ti tẹ y, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni. Ìka rẹ̀ ń lọ sórí Ẹ́ńtà, bọ́tìnì tó ń mú àṣẹ ṣẹ.

Mi ò mọ ohun tó gbé ojú mi lọ sókè. Mo rí i pé c ni èyí tó kéré. Tuntun, èyí tó tóbi, ti di b. Bí sẹ́fà ṣe dìde, káàdì tuntun ló kọ́kọ́ rí, ó fún àpótí ní lẹ́tà b, ó sì sún díìsìkì wa sí c. Èsì gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lábẹ́ ìka yẹn.

Mi ò rántí kígbe. Mo kàn rí ọwọ́ mi lórí ọwọ́ rẹ̀. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì gbé e sókè kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Mi ò gbé ohùn sókè sí àgbà rí, áńbọ̀sìbọ́sí kí n di ọwọ́ bàbá tó lè bí mi mú, díkìn, ọ̀gá mi, nídìí ẹ̀rọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò. Mo ń gbọ́ bí iṣan ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lù lábẹ́ ìka mi.

"Kí lò ń ṣe? Tú mi sílẹ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo lẹ́tà yẹn."

"Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. C ni."

"Ó ti yí padà, sà. Ẹ wò ó lókè."

Kò wòkè. "Kà á fún mi."

"Sà, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ló rí i."

Ó tẹ̀ síwájú. Ó gbé ojú sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà títí imú rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kàn án, ó ń yí orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó padà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Mi ò rí i," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mi ò ti rí i."

Mo nawọ́ kọjá níwájú rẹ̀, mo pa y rẹ́, mo tẹ n, ìyẹn rárá, ẹ̀rọ sì fi àṣẹ náà sílẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rù kò kúrò. Mi ò mọ̀ bóyá ohun kan ti bàjẹ́ kí n tó dé. Ọ̀gá dìde lórí àga, ó ní kí n jókòó, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ti ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní rírìn. Ó ń sọ àṣẹ kọ̀ọ̀kan, mò ń tẹ̀ ẹ́, mo sì ń kà á sókè fún un lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ kan Ẹ́ńtà. A ṣí díìsìkì àtijọ́ láti wò nìkan. Fún ìgbà díẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ṣófo, mo sì rò pé ó ti parí fún wa. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àwọn ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn kọjá, ọdún tẹ̀ lé ọdún, títí dé ti àwọn tó ń jáde. Mo gbé orí lé kíbọ́ọ̀dù, mo sì sunkún.

Ọ̀gá jẹ́ kí n sunkún tán. Ó ní ká má dárúkọ díìsìkì pẹ̀lú lẹ́tà mọ́, torí lẹ́tà ń ṣí kiri. Ká lo nọ́ńbà tí wọ́n ti fín mọ́ ọn láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ la ṣe parí iṣẹ́ náà, tí ẹ̀dà èsì sì wọ inú àpótí tuntun pátápátá.

Nígbà náà ló béèrè pé, "Ta ló tún mọ̀ nípa ojú mi?"

"Ẹ̀yin àti èmi nìkan, sà."

Ẹ̀rù tuntun bà mí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé bó bá ní kí n bo àṣírí òun, mi ò ní lè kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní lè sùn mọ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Mú mi lọ sọ́dọ̀ dáírẹ́kítọ̀." Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, a sì jọ sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ nínú oòrùn, níṣojú àwọn tó ń gbálẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ní kí n dúró síta. Òun nìkan ló wọlé lọ sọ ọ́.

Wọn ò lé e. Wọ́n ní kó lọ tọ́jú ara rẹ̀. Dókítà sọ pé omi ń pọ̀ jù nínú ẹyin ojú rẹ̀, ó sì ń fún iṣan ìríran pa, pé ìyókù ìríran rẹ̀ ṣeé dì mú bó bá ń kán oògùn sí i déédéé, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó padà wá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì, láti orí ló ti ń kọ́ wọn. Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ sẹ́fà lé lọ́wọ́, láì tíì gbó tó.

Mo lọ kí i nílé rẹ̀ nínú Ọ̀tà lọ́jọ́ kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí fún ọwọ́ tí mo dì mú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú ìyá òun náà fọ́ kó tó kú, nítorí náà òun ti mọ ohun tó ń bọ̀ tipẹ́. Ó ní gbogbo àárọ̀ tí òun ń wọlé síbi iṣẹ́ ni òun ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ òní. "Nígbà tó o dì mí mú," ló wí, "inú bí mi. Àmọ́ lábẹ́ ìbínú yẹn, ṣe ni mo sinmi."

Mo ti rò pé èmi nìkan ni ẹ̀rù ń bà lọ́jọ́ náà, àṣé tiẹ̀ ti wà kí tèmi tó dé, ó sì jù ú lọ. Báyìí tí èmi náà ti ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi, tí iṣẹ́ bá gba àṣẹ tí kò ṣeé yí padà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ pé ẹ̀rù ń bà mí. Ìgbà náà ni àwọn yòókù máa ń lè sọ tiwọn.