Àlùbọ́sà lójú òsì, omi àdúrà lójú ọ̀tún

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn bí àlùbọ́sà ṣe fẹ́ dí mi lọ́nà ilé ọkọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o! Ọ̀rọ̀ yìí ò pa mí lẹ́rìn-ín rárá nígbà tó ń ṣẹlẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún náíńtì ni, ní Ìkirè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ́ọ̀mù iṣẹ́ télọ̀ tán. Gbádébọ̀, ajórin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Àpómù, ló fẹ́ fẹ́ mi. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa wá mọ àwọn òbí mi. Mo ti rán aṣọ tí mo máa wọ̀, mo tiẹ̀ ti wọ̀ ọ́ wò lójú jígí láìmọye ìgbà.

Ni Àpólò bá wọ̀lú!

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n, àìsàn ojú ni. Ojú á pọ́n bí ata rodo, á wú, ìpin á lẹ̀ ẹ́ pa tó bá di àárọ̀. Tó bá mú ọmọ kan lónìí, kò ní pẹ́ kárí ilé. Ó wà ní Ìkirè, ó wà ní Àpómù, wọ́n ní ó ti dé Gbọ̀ngán. Gbogbo èèyàn wá ń wọ awò dúdú kiri. Lọ́jọ́ kan, mo kúnlẹ̀ kí ọkùnrin kan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo rò pé lemọ́mù àdúgbò wa ni. Àṣé kọ̀ńdọ́kítọ̀ ni! Ó sì ṣàdúrà fún mi o!

Oògùn wá pọ̀ ju àìsàn lọ. Àwọn kan ní omi ṣúgà ni. Àwọn kan ní ìtọ̀ àárọ̀ kùtù, ìtọ̀ ẹni fúnra ẹni! Àwọn tó kù ní omi ọmú ni. Ìyá Síkírá, ará ilé wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà yẹn. Báyìí làwọn èèyàn ṣe tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n gbójú sókè bí ọmọ ẹyẹ tó ń dúró de oúnjẹ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, tó rí àwọn géńdé lórí ìlà, ṣé ẹ rò pé ó béèrè ohun tó ń ṣe wọ́n? Igi ìdáná ló fà yọ!

Bàbá mi, tí wọ́n ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò gba oògùn kankan gbọ́ àfi omi àlùbọ́sà. Wọ́n ní Àpólò mú àwọn rí, àwọn kán an, ó sì lọ. Kí la tún ń wádìí?

Ìyá Gbádébọ̀ ńkọ́? Màámi Àpómù ni mo máa ń pè wọ́n. Ìyá àdúrà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan. Tiwọn ni omi kànga tí wọ́n gbàdúrà sí, tí wọ́n bu iyọ̀ díẹ̀ sí. Wọ́n ní ẹni tó bá fi nǹkan míì kún un ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ wa pé, Àpólò bá mú Gbádébọ̀. Ojú méjèèjì! Màámi Àpómù mú un wá sílé wa láti bẹ̀bẹ̀ pé ká sún ọjọ́ náà síwájú. Gógù tó fi ń jó irin ló fi bojú wá.

Bàbá mi ní kí wọ́n má sún nǹkan kan, pé kí wọ́n jẹ́ káwọn kán àlùbọ́sà sí i.

"Àlùbọ́sà kẹ̀?" Màámi dìde. "Àna mi, ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ fojú ọmọ mi sè ni?"

"Iyọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń bù sí tiyín ńkọ́?" Bàbá mi náà dìde. "Ṣé òun kọ́ la fi ń sebẹ̀?"

Háà! Ọ̀rọ̀ di wàhálà. Bàbá mi ní wọ́láì, àwọn ò ní fọ́mọ fún ilé tí wọ́n ti ń fojú di oògùn àwọn. Màámi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ìyàwó làwọn wá fẹ́ fọ́mọ àwọn, àwọn ò wá fọ́jú. Mo wo ìyá mi, ìyá mi kàn ń yí dòdò lórí iná.

Ni Gbádébọ̀ bá nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ojú méjì ni mo ní. Ẹ pín in."

Mo rò pé eré ló ń ṣe. Àwọn àgbà ò fi ṣeré o! Bàbá mi gba ojú òsì, Màámi gba ojú ọ̀tún. Èyí tó bá kọ́kọ́ sàn, oògùn ẹni tó ni ín loògùn. Bàbá mi ní kí Gbádébọ̀ máa sùn ní pálọ̀ wa kí àwọn lè máa mójú tó o. Màámi ní àwọn á máa ti Àpómù wá láràárọ̀.

Ẹ gbọ́, ìgbà tí àlùbọ́sà kọ́kọ́ bọ́ sójú òsì yẹn, Gbádébọ̀ fò sókè, ó sá yí ilé po, ó forí gbá agbọ̀n dòdò ìyá mi dà nù. Bàbá mi ní ẹ̀rí rèé pé oògùn ń ṣiṣẹ́!

Àdúgbò bá pín sí méjì. Ẹgbẹ́ ojú òsì, ẹgbẹ́ ojú ọ̀tún. Láràárọ̀ ni wọ́n á wá ní kó ṣí gógù kí wọ́n wò ó. Ẹlòmíì á ní ọ̀tún ti ń mọ́ díẹ̀, ẹlòmíì á ní irọ́ ni. Ọkọ Ìyá Síkírá gan-an wá, ó ní òun ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, òun kàn fẹ́ rí i dájú pé wọn ò kán ọmú.

Àmọ́ nígbà tó yá, ojú òsì padé pátápátá, omi ń da lójú ọ̀tún bí ẹ̀rọ tí wọn ò tì. Gbádébọ̀ rọra sọ fún mi pé òun ò rí ṣíbí tí òun fi ń jẹun mọ́. Ajórin tí ò ríran, kí ló fẹ́ jẹ? Mo fà á lọ́wọ́, ó di ilé ìwòsàn ìjọba. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

A bá àwọn aláwò dúdú níbẹ̀, wọ́n kún bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì bi gbogbo wa léèrè ohun tá a kán sójú. Gbogbo wa la ní a ò kán nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì gbóòórùn nǹkan, ó ní, "Ta ló wá gbé ọbẹ̀ wá síbí?"

Gbogbo orí ló yí sọ́dọ̀ Gbádébọ̀.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín tán, ó wá le mọ́ wa. Ó ní àlùbọ́sà ti ń jó o lójú, ta ló sì mọ ìdọ̀tí tó wà nínú omi kànga? Ó ní Àpólò fúnra rẹ̀, ó máa ń lọ tó bá yá. Ó fún un ní oògùn ibi tí àlùbọ́sà jó, ó ní ká máa fi omi tá a sè tó ti tutù nu ojú rẹ̀, ká má pín táwẹ́ẹ̀lì lò, ká sì padà wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dun Gbádébọ̀. Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ gún un ní abẹ́rẹ́ kan!

Nígbà tá a délé, mo sọ fáwọn àgbà méjèèjì pé ẹni tó bá tún kán nǹkan síbẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó fi wá ọkọ míì fún mi. Ìgbà yẹn ni ìyá mi tó sọ̀rọ̀. Wọ́n kó gbogbo àlùbọ́sà ilé sí yàrá, wọ́n tì í, wọ́n ní ọbẹ̀ aláìlálùbọ́sà la máa jẹ títí ojú á fi là.

Ojú là. A tún ọjọ́ dá, àwọn ará Àpómù dé, Gbádébọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ṣé ẹ rò pé bàbá mi ní kó dìde?

"Ojú wo ló kọ́kọ́ sàn?"

Màámi Àpómù na ọrùn síwájú. Mo ń gbàdúrà sínú.

Gbádébọ̀ ò gbórí sókè. Ó ní, "Bàbá, èyí tí mo fi rí ọmọ yín ni."

Ilé bú sẹ́rìn-ín! Ìyá mi pàtẹ́wọ́, Màámi ń nu omijé. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e dìde, wọ́n wá rọra bi í létí pé, "Èwo wá ni, nínú méjèèjì?"

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé àìsàn tó máa lọ fúnra rẹ̀, ohun tí kálukú bá ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ ló máa ń gba oríyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú dán oògùn wò. Méjì péré ni.

Ó yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú nígbà Àpólò, kí ni wọ́n kán sí yín lójú? Ẹ sọ òótọ́ o, ká jọ rẹ́rìn-ín!