Ẹ̀rọ Síídì Tèmi àti Ti Àbúrò Mi

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ra irú ẹ̀rọ síídì kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ìṣẹ́yìn ni mò ń gbé. Òun ń dáko iṣu àti ọkà bàbà ní Ogbooro. A pàdé ní Ṣakí, ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀, a sì bá ẹ̀rọ dúdú méjì tó jọra bí ìbejì níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú sípíkà onígi méjì. Oníṣọ́ọ̀bù ki síídì wákà kan bọ inú ọ̀kan, ó ní ká gbọ́ ọ wò.

Mo ní, "Ó mọ́. Àfi bí ẹni pé obìnrin tó ń kọrin yẹn dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Àbúrò mi mi orí. "Ó mọ́ lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n kò nídìí. Ohùn tí kò nídìí, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni."

Síbẹ̀ a ra méjèèjì. Oníṣọ́ọ̀bù fún wa ní síídì wákà náà, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, a sì gbé ẹrù wa lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń jiyàn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, àbúrò mi á pè mí lórí fóònù, kò sì ní í béèrè oúnjẹ tí mo jẹ kó tó béèrè bí ẹ̀rọ mi ṣe ń dún. Orí àpò ọkà bàbà ló gbé sípíkà tirẹ̀ lé, ó ní àpò náà ń jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ fẹjú. Èmi gbé tèmi sórí tábìlì tí bàbá àwọn ọmọ mi kàn fún un, mo sì fà á kúrò lára ògiri. Bó bá wá kí mi, á ní ohùn ẹ̀rọ mi ń gún òun létí bí abẹ́rẹ́. Bí mo bá lọ sí Ogbooro, èmi náà á ní tirẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń gúnyán ní ilé kejì. Kò sí ẹni tó gbà fún ẹnìkejì rárá, inú wa sì máa ń dùn sí i.

Mo gbẹ́kẹ̀ lé etí mi púpọ̀. Nígbà tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ lórin ní ilé ìwé, mo lè kọjú sí pátákó kí n kẹ̀yìn sí gbogbo kíláàsì, síbẹ̀ kí n mọ ọmọ tí ohùn rẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà. Mo máa ń fi èyí yangàn.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà ọyẹ́, mo tan ẹ̀rọ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì rí i pé ohùn rẹ̀ ti ṣú. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ òfì bo sípíkà. Obìnrin náà ń kọrin, mo ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó máa ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ kò sí mọ́. Mo rò pé eruku ọyẹ́ ló wọ̀ ọ́. Mo nu gbogbo ara rẹ̀, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò yí padà.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ó tú u, ó fi òwú nu ojú tí ẹ̀rọ fi ń ka síídì, ó dì í padà, ó sì tàn án fún mi.

"Ó ti dára, Alhaja."

"Kò dára," ni mo wí.

Mo padà lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún tú u, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn obìnrin méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró de fáànù wọn. Lójú wọn ni mo ti sọ fún un pé ó ti yọ ojú ẹ̀rọ mi gidi, ó sì ti fi ayédèrú dípò rẹ̀. Ọkùnrin náà kò bá mi jà. Ó gbé ẹ̀rọ náà sínú páálí, ó di okùn mọ́ ọn, ó sì gbé e síwájú mi.

"Mi ò yọ nǹkan kan, Alhaja. Ẹ gbé e lọ fún ẹlòmíì kó bá yín wò ó."

Nílé, mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi. Ó ní lójú tòun, ohùn ẹ̀rọ náà ò yàtọ̀ sí ti ọjọ́ tí a rà á. Mi ò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, nítorí ìròyìn nìkan ló ń gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní ẹ̀fọ́ ti tán nílé, tí mo dáhùn pé, "Ẹ̀kọ́ ta ni?"

"Ẹ̀fọ́ ni mo wí. Ẹ̀fọ́."

Mo sọ fún un pé eyín rẹ̀ tó ti yọ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já geere mọ́. A jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, mo pinnu láti gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Ogbooro, kí á gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo fi aṣọ ìró dì í, mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀. Láti Ìpàpó lọ, gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá kó sí ni mo ń fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Àbúrò mi tẹ́ ẹní, ó to ẹ̀rọ méjèèjì, ó sì mú síídì wákà náà jáde. Tèmi ló kọ́kọ́ tàn. Ó di ojú, ó tẹ́tí fún ìgbà díẹ̀, ó wá ṣí ojú wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Tiyín ló dára jù. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Gbogbo ọdún tí a fi ń jiyàn, kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń gbọ́ kò yàtọ̀ sí ti ilé, aṣọ ṣì wà lójú rẹ̀. Mo ní kó tan tirẹ̀. Ó tàn án. Bákan náà ló rí, aṣọ kan náà. Mo ní kó tún tan tèmi, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tó rò pé mò ń bá òun ṣeré.

Mo bi í pé, "Ǹjẹ́ ò ń gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀?"

"Mò ń gbọ́ ọ."

"Báyìí?"

"Báyìí náà. Kò tíì dákẹ́."

"Máa nàka sókè fún mi nígbàkigbà tó bá dún."

Ó na ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀. Ó ń gbé e sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsinmi. Mo tẹjú mọ́ ìka náà. Kò sí ohùn kankan tó bá a lọ. Bí mo ṣe sún mọ́ sípíkà, tí etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi rẹ̀, ìka ń lọ, ìka ń bọ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Àbúrò mi náà mọ̀ ọ́n. Ó na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ náà.

Lẹ́yìn náà ló ní bóyá ìdọ̀tí etí ni. Ìyàwó rẹ̀ fi àdí sí i fún mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kò ṣe nǹkan kan.

Dókítà tí a lọ bá ní Ìbàdàn fi nǹkan bò mí létí méjèèjì, ó ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì bí mo bá gbọ́ ohùn. Mo jókòó bí ọmọ tó ń ṣe ìdánwò tí kò kàwé fún. Nígbà míràn, ẹ̀rù nìkan ló ń mú mi tẹ̀ ẹ́. Dókítà náà mọ̀, kò bá mi wí. Ó wá bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kọjú sí mi kí n lè rí ẹnu rẹ̀.

"Ọjọ́ orí ló mú un wá, màmá. Ohun tó ti kú nínú etí kì í jí mọ́. A ó fún yín ní ẹ̀rọ tí ẹ óò máa fi sétí."

Mo ń lò ó. Ó ń jẹ́ kí n gbọ́ ẹni tó bá dúró níwájú mi, ó sì ń sọ ariwo ṣíbí di ààrá. Ní ti orin, agolo ni gbogbo rẹ̀ dà. Mo gbìyànjú síídì wákà náà lẹ́ẹ̀méjì, mo sì pa á.

Mo lọ bẹ ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe. Mo sọ fún un pé etí mi ni, pé mo ṣẹ̀ ẹ́ lójú àwọn ènìyàn. Orí ló tẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Kò burú, Alhaja," ó sì tún sọ nǹkan kan tó gùn díẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ. Ojú tì mí láti ní kó tún un sọ, mo kàn mi orí. Títí di òní, mi ò mọ ohun tí mo gbà sí.

Àbúrò mi ṣì ń pè lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n kò jiyàn mọ́. Ohunkóhun tí mo bá sọ nípa ẹ̀rọ, á ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Lọ́jọ́ kan mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ fún un pé tirẹ̀ ló dára jù láti ìbẹ̀rẹ̀, pé tèmi kò dára rí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Irọ́ lo ń pa. O mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bá mi jiyàn."

Fóònù dákẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá kò sọ̀rọ̀ ni, tàbí ó ń sọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́. Mo gbé e fún bàbá àwọn ọmọ mi. Ó gbé e sétí, ó tẹ́tí, ó ní "ó dáa" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì gbé e sílẹ̀.

"Kí ló wí?" ni mo bi í.

Ó súnmọ́ mi, ó kọjú sí mi. Ó ní, "Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la."