Abọ́ Omi Lórí Pákó

Bí mo bá rí abọ́ omi lórí pákó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, káfíńtà Èjìgbò, ni mo ń rántí. Wọn ò wọ ọkọ̀ ojú irin rí o! Síbẹ̀, nígbà tí bàbá mi gbé ọkọ̀ ojú irin ìṣeré bọ̀ láti Abíjàn, àwọn ni wọ́n kan tábìlì tí irin rẹ̀ jókòó lé. Gbogbo pákó ni wọ́n ń gbé abọ́ omi lé wò bóyá ó tẹ́jú, wọ́n á ní:

"Ojú a máa tanni jẹ. Omi kì í tanni jẹ."

Àbúrò ìyàwó wọn, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ìdérí ìgò tó kún fómi sórí ọkọ̀ náà, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ náà yí tábìlì po, omi ò kán sílẹ̀.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ṣí fìlà. "Ẹ̀gbọ́n, tiwa a máa mì jìgìjìgì."

"Ẹ ò fi omi wò ó ni."