Epo Tí Mo Dà Sínú Ìbọn Bàbá Mi

Òórùn ẹ̀tù tí omi gbígbóná bá pàdé ló máa ń jí mi láàárọ̀ tí bàbá mi bá ti ìgbẹ́ ọdẹ dé. Ó máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, síbẹ̀ inú mi a máa dùn sí i, torí ẹran kì í jìnnà sí òórùn náà. Ní agboolé wa ní Ìlobù, ìbọn ṣakabùlà bàbá mi kì í sùn láìwẹ̀. Bàbá a ní, "Ọjọ́ tí ìbọn bá sọ̀rọ̀ ni kó fọ ẹnu." Bí kò bá sọ̀rọ̀, a ó kàn nù ún ní Sátidé Sátidé, pàápàá lásìkò òjò, kó má baà dógùn-ún.

Irinṣẹ́ rẹ̀ ò pọ̀. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó fi ń ti àkísà wọnú ìbọn. Ìyẹ́ àkùkọ wà fún ihò kékeré tí iná ń gbà kan ẹ̀tù. Àdí wà nínú ìgò oògùn ikọ́, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀kán mẹ́ta lọ. Àkísà ló le jù láti ṣà. Bàbá á fi etí àkísà náà kan iná: bó bá jó di eérú, òwú ni, ó wúlò, bó bá yọ́ bí ọ̀rá, á jù ú nù.

Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀ sórí. Ẹ̀rù ìbọn gan-an ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ìwé kẹrin ni mo wà nígbà náà, ìwé tí mo sì kà lẹ́yìn ìyẹn ò tó ohun à ń pariwo. Bí mo bá fẹ́ kọjá níwájú ìbọn náà lára ògiri, mo máa ń tẹrí ba, màá ní, "Ẹ káàárọ̀ sà." Bí ó bá bínú, kó má bínú sí ọmọ tó mọ̀ ọ́n kí.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi bàbá màmá mi jẹ Olúọdẹ ní Ìfọ́n lọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀. Àṣà wọn ni pé àwọn ọkọ ọmọ á yìnbọn lẹ́nu ọ̀nà olóyè. Obìnrin tí ìbọn ọkọ rẹ̀ bá dún, á tẹ̀lé bàbá rẹ̀ yí ìlú ká. Èyí tí ti ọkọ rẹ̀ bá kọ̀, ìdí àwo fífọ̀ ló ń lọ. Ó ti lé ní oṣù kan tí màmá mi ti ń sọ ìrìn tí òun máa rìn.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ náà, bàbá jáde, ó ní kí n nu ìbọn. Mo wo ìbọn, ìbọn wò mí. Mo rántí ohun tí màmá máa ń sọ: "Kò sí ohun líle tí epo kì í mú rọ̀." Mo bu epo pupa ṣíbí ńlá mẹ́rin, mo dà á sí i lẹ́nu kí inú rẹ̀ lè rọ̀. Mo wá nu ẹnu rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ti ń pè wá kíákíá. Bàbá ò yẹ inú ìbọn wò kó tó ki ẹ̀tù sí i. Ní Ìfọ́n, ìbọn ọkọ ọmọ kìíní dún gbòòò. Ti ìkejì dún. Ti bàbá mi ní, "Kẹ̀." Ó tún ní, "Kẹ̀." Epo wá kán tó láti ihò iná sórí agbádá rẹ̀.

Àbúrò màmá mi ọkùnrin figbe ta: "Àna wa ará Ìlobù, ṣé ẹ̀fọ́ lẹ kì síbẹ̀ ni?"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò màmá mi obìnrin ti fà á láṣọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, àwo ń retí yín o." Bàbá gbé ẹnu ìbọn sókè ọ̀run títí ó fi dá a lójú pé kò síná tó sá pamọ́ síbẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá àgbà. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni, sà. Èmi ni n kò yẹ̀ ẹ́ wò."

Mo lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí àyà bàbá mi nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Bàbá, èmi ni," ni mo wí. "Ẹ̀rù ló bà mí, mo fi epo bẹ̀ ẹ́."

Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní, "Ẹ gbé omi gbígbóná fún un. Ẹni tó bọ́ ọ ni kó wẹ̀ ẹ́."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló yọ ohun tó kì síbẹ̀. Lójú gbogbo Ìfọ́n ni mo fọ ìyókù, tí mò ń ti àkísà wọlé títí ó fi ń jáde ní funfun. A sá a sóòrùn, mo fi ìyẹ́ àkùkọ la ihò rẹ̀, bàbá tún un kì.

Wọ́n ní ó dún dáadáa. Èmi ò lè jẹ́rìí sí i. Abẹ́ agbọ̀n adìẹ ni mo wà, èmi àti abo adìẹ kan tó ń sàba. Ohun tí mo rí kò ju ẹsẹ̀ màmá mi tó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ. Ó fọwọ́ kan agbọ̀n náà bó ṣe ń kọjá: "Ọkọ mi, jáde, ó ti tán."

Ọwọ́ mi ni ìbọn náà wà báyìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Òṣogbo ra àpótí irinṣẹ́ kan fún mi lórí fóònù, búrọ́ọ̀ṣì oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀, ó ní kí n sọ iye ìgbà tó yẹ kí èèyàn máa fọ ìbọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún un. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì kan, mo dá ìyókù padà. Mo ti dàgbà ju bàbá mi ti ọjọ́ náà lọ. Mo mọ ìbọn kì, mo mọ̀ ọ́n fọ̀. Àmọ́ ní Sátidé tó kọjá, kí n tó fọwọ́ kàn án lára ògiri, mo bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń gbọ́, mo sì tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà."